Nọ́mbà Méjì Tí A Kò Dárúkọ: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Kuadirátíìkì ní Etí Òkun Àgbádárìgì

 

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láti Àjárá títí dé Ṣèmè, kò sí ilé tí a kì í ti í sọ ọ́ mọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ yín kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fẹ́ ra pulọ́ọ̀tì kan ní etí òkun Àgbádárìgì níbí. Ẹni tó fẹ́ tà á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó ní ilẹ̀ náà gún régé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé bí a bá fi tépù yí i ká, 108 mítà ni, àti pé ìwé awọnlẹ̀ sọ pé inú rẹ̀ jẹ́ 648 sikuéà mítà. Kò sọ gígùn rẹ̀, kò sọ ìbú rẹ̀. Ọmọ yín kò lè tìtorí èyí wọ bàálù wá sílé. Kí ni kí ó ṣe?

Kí ó mú bírò. Àyíká ilẹ̀ jẹ́ gígùn méjì àti ìbú méjì. Nítorí náà ìdajì rẹ̀, 54, ni gígùn kan àti ìbú kan tí a rò pọ̀. Inú ilẹ̀, 648, ni gígùn lọ́nà ìbú. Nọ́mbà méjì ló fara pamọ́ fún un. Kò mọ èyíkéyìí nínú wọn, ṣùgbọ́n ó mọ àròpọ̀ wọn, ó sì mọ ìlọ́po wọn.

Bí gígùn àti ìbú bá dọ́gba ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ìbá jẹ́ 27, tí í ṣe ìdajì 54. Wọn kò dọ́gba. Ọ̀kan ju 27 lọ, èkejì kò tó 27, ohun tí ọ̀kan sì fi lé ni èkejì fi dín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àròpọ̀ wọn kò ní jẹ́ 54 mọ́. Ohun tó kù ni kí á mọ iye tó fi lé àti iye tó fi dín.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́mbà kéékèèké dán an wò kí a tó lọ síbẹ̀. 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Ẹ fi 1 lé ọ̀kan, kí ẹ fi 1 dín èkejì: 6 lọ́nà 4 jẹ́ 24. Ó fi 1 dín sí 25. Ẹ fi 2 lé, kí ẹ fi 2 dín: 7 lọ́nà 3 jẹ́ 21. Ó fi 4 dín sí 25, 4 sì ni 2 lọ́nà 2. Ẹ fi 3 ṣe é: 8 lọ́nà 2 jẹ́ 16. Ó fi 9 dín, 9 sì ni 3 lọ́nà 3. Kì í yẹ̀. Iye tí ẹ fi lé tí ẹ sì fi dín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ohun tí ìlọ́po àwọn méjèèjì fi kéré sí ti àárín nìyẹn.

Ó yá, ẹ padà sórí ilẹ̀ wa. 27 lọ́nà 27 jẹ́ 729. Ìwé awọnlẹ̀ sọ pé 648 ni. 729 yọ 648 kù 81. 81 ni 9 lọ́nà 9. Nítorí náà gígùn jẹ́ 27 lé 9, tí í ṣe 36. Ìbú jẹ́ 27 dín 9, tí í ṣe 18. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ Èkó yóò ti rẹ́rìn-ín báyìí, nítorí pé mítà 18 lọ́nà 36 ni pulọ́ọ̀tì tí àwọn àgbà ń pè ní ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà lọ́nà ọgọ́fà.

Ohun tí a ṣe yìí ni kuadirátíìkì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa bẹ̀rù ní ilé-ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ ti ṣe é tán kí n tó dárúkọ rẹ̀. Bí ilé-ìwé ṣe ń kọ ọ́ nìyí, tí a bá fi x dúró fún nọ́mbà tí a ń wá:

x² − 54x + 648 = 0

Ẹ tẹjú mọ́ ọn. 54 tó wà níwájú x ni àròpọ̀ gígùn àti ìbú. 648 tó dá dúró lẹ́yìn ni ìlọ́po wọn. 18 àti 36 tí wọ́n fara pamọ́ ni a ń pè ní gbòǹgbò. Mo fẹ́ràn orúkọ náà gan-an. A kì í rí gbòǹgbò àgbọn lábẹ́ iyanrìn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ nípa àgbọn á wo imọ̀ rẹ̀, á wo èso rẹ̀, á sì sọ fún ọ bí gbòǹgbò ṣe wà. Nọ́mbà tí a rí lójú nínú ọ̀rọ̀ ìṣirò yìí ń jẹ́rìí sí nọ́mbà tí a kò rí.

Kí ló dé tí àmì ìyọkúrò fi wà níwájú 54, nígbà tí ó jẹ́ pé ṣe ni a ro gígùn àti ìbú pọ̀? Mo dúró sórí èyí nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọ tó ṣubú jù ní gbogbo ọdún tí mo fi máàkì ìwé. Ọmọ á ṣiṣẹ́ dáadáa, á dé ìlà tó kẹ́yìn, á kọ pé àròpọ̀ àwọn gbòǹgbò jẹ́ −54, máàkì á sì lọ. Ẹ rò ó báyìí: a fẹ́ kí ìṣirò náà já sí òdo nígbà tí x bá jẹ́ 18, àti nígbà tí x bá jẹ́ 36. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti sọ 18 di òdo ni kí á yọ 18 kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 36. Nítorí náà a kọ (x − 18) lọ́nà (x − 36). Bí ọ̀kan bá ti di òdo, gbogbo rẹ̀ di òdo, nítorí ohunkóhun lọ́nà òdo, òdo ni. Wàyí o, ẹ tú u palẹ̀: x lọ́nà x jẹ́ x². Ẹ yọ 36x, ẹ yọ 18x, àpapọ̀ ohun tí ẹ yọ jẹ́ 54x. Ìyọkúrò lọ́nà ìyọkúrò sì di àfikún, nítorí náà 648 wọlé pẹ̀lú àmì ìròpọ̀. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 54 kò sọ pé àròpọ̀ jẹ́ gbèsè, ìyẹn iye tó kéré sí òdo. Ohun tó ń sọ ni pé a yọ gbòǹgbò méjèèjì kúrò lára x. Ọmọ tó bá rí èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tún ní ṣì í mọ́.

Bí nọ́mbà mìíràn bá wà níwájú x², ẹ fi í pín gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó wo ohunkóhun. Nínú 2x² − 108x + 1296 = 0, gbòǹgbò ò yí padà, 18 àti 36 náà ni. Òfin tó wà nínú ìwé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ax² + bx + c = 0, àròpọ̀ gbòǹgbò jẹ́ −b/a, ìlọ́po wọn jẹ́ c/a.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti sọ lẹ́ẹ̀mélòó kan láti àárọ̀ tí ẹ kò fura sí: lé àti dín. Èyí ni ọkàn ọ̀rọ̀ mi lónìí. Yorùbá kì í ka iye láti ìsàlẹ̀ lọ sókè nìkan. Ó máa ń dúró sórí ogún, sórí ọgbọ̀n, sórí ogójì, á wo iwájú, á wo ẹ̀yìn. 24 ni mẹ́rìnlélógún, ogún tí a fi mẹ́rin lé. 16 ni mẹ́rìndínlógún, ogún tí a fi mẹ́rin dín. Ogún ló wà láàárín wọn, mẹ́rin ló wà ní apá ọ̀tún, mẹ́rin ló wà ní apá òsì. Bí ẹ bá bi ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa pé kí ni àròpọ̀ mẹ́rìnlélógún àti mẹ́rìndínlógún, kò yẹ kí ó mú bírò. Mẹ́rin tó lé á lọ dí mẹ́rin tó dín, ogún méjì ló kù, ogójì nìyẹn. Ìlọ́po wọn ńkọ́? Ogún lọ́nà ogún jẹ́ 400. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 16. 400 dín 16 jẹ́ 384. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín wò ó, 24 lọ́nà 16 jẹ́ 384.

Ó túmọ̀ sí pé bí àgbẹ̀ alágbọn kan bá ní 384 ọmọ àgbọn láti gbìn ní ìlà ìlà, tí ó sì sọ pé iye ìlà àti iye igi inú ìlà kan, tí a bá rò wọ́n pọ̀, jẹ́ 40, ẹni tó ń ka Yorùbá ti ní ìdáhùn lẹ́nu. Ìlà mẹ́rìndínlógún, igi mẹ́rìnlélógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àwọn nọ́mbà náà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún un.

Àwọn ará ìta ti rí ètò òǹkà yìí láti ìgbà pípẹ́. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì Church Missionary Society (CMS) tó gbé ní Ìjàyè kí ogun tó tú ìlú náà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887. Ó tọ́ka sí bí a ṣe ń ka owó ẹyọ: a ó da owó sílẹ̀, a ó máa fa á ní márùn-ún márùn-ún, ogún á pé, ogún márùn-ún á di ọgọ́rùn-ún, títí tí a ó fi dé ọ̀kẹ́ kan tí í ṣe 20,000. Ẹni tó bá ń ka owó báyìí, kò ní fi òkìtì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé sílẹ̀ kí ó máa ka èyí tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù kí ó pé ni yóò kà. Ìwà ọlọ́jà ni, ìwà ọlọgbọ́n sì ni.  Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ wa tó ní ọgbọ́n yìí lẹ́nu kí ó tó wọ ilé-ìwé, ibẹ̀ ló ti ń gbàgbé rẹ̀.

Wọn kò bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kuadirátíìkì ní ilẹ̀ aláwọ̀ funfun. Ní nǹkan bí ọdún 3,800 sẹ́yìn, àwọn akọ̀wé Bábílónì ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí ti ń kọ irú ìbéèrè ilẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sórí wálàá amọ̀: wọ́n á sọ gígùn àti ìbú tí a rò pọ̀, wọ́n á sọ inú ilẹ̀, wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá méjèèjì. Àárín ni àwọn náà kọ́kọ́ máa ń wá, wọ́n á fi nǹkan lé e, wọ́n á fi nǹkan dín in.

Ní nǹkan bí ọdún 820, al-Khwarizmi ní Bàgídáàdì kọ ìwé tí a ti rí orúkọ áljẹ́bírà. Ó kọ́ àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé bí x² àti 21 bá dọ́gba pẹ̀lú 10x, ìdáhùn méjì ló wà, 3 àti 7. Ẹ wò ó: àròpọ̀ wọn jẹ́ 10, ìlọ́po wọn jẹ́ 21. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí x² àti 10x tó dọ́gba pẹ̀lú 39, ìdáhùn kan ṣoṣo ló fún wa, 3. Èkejì wà níbẹ̀, −13 ni. Kò kà á kún, nítorí ilẹ̀ ló ń fi wé, ilẹ̀ kì í sì í ní ìbú tó jẹ́ gbèsè. Mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó sọnù: bí a bá gba 3 àti −13 pọ̀, àròpọ̀ wọn jẹ́ −10, ìlọ́po wọn jẹ́ −39, òfin wa sì dúró ṣinṣin. Bí a bá lé −13 jáde, òfin fọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù náà nìyẹn. François Viète, agbẹjọ́rò ará Faransé tó gbé ayé láti 1540 sí 1603, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe òfin yìí títí di òní. Ó rí ìbátan tó wà láàárín gbòǹgbò àti àwọn nọ́mbà tó hàn síta, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tí kì í ṣe gbèsè nìkan ló gbà wọlé. Ní 1629 ni onímọ̀ ìṣirò Albert Girard gba gbogbo wọn láàyè, èyí tó jẹ́ gbèsè pẹ̀lú, tí òfin náà fi pé. Bí mo bá rò ó, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ohun tó dá àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí dúró fún ẹgbẹ̀rin ọdún ni ọ̀rọ̀ kékeré tí Yorùbá ń pè ní dín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tó wúlò jù hàn yín. Ó ṣeé ṣe kí á mọ nǹkan nípa nọ́mbà méjèèjì láìwá wọn rárá. Bíríkìlà tó fẹ́ fa ìpìlẹ̀ lórí pulọ́ọ̀tì yẹn máa ń na tépù láti igun kan dé igun kejì lọ́nà àgbélébùú, kí ó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà gún. Mítà mélòó ni ó yẹ kí ó bá? Ẹ má wulẹ̀ wá gígùn, ẹ má wá ìbú. Ẹ mú àròpọ̀, 54, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀: 2,916. Ẹ yọ ìlọ́po wọn lẹ́ẹ̀mejì, 1,296. Ó ku 1,620, tí í ṣe ìlọ́po ara gígùn àti ìlọ́po ara ìbú tí a rò pọ̀, ìyẹn ìlọ́po ara ìlà àgbélébùú náà. Nọ́mbà tí ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 1,620 ni 40 lé díẹ̀, nǹkan bí 40.25. Bí tépù bá bá nǹkan mìíràn níbẹ̀, ilẹ̀ náà wọ́, ohun yòówù kí ìwé sọ. Àwọn ọmọ tó ń ṣe Further Mathematics fún WAEC máa ń rí ìbéèrè yìí, wọ́n á ní kí wọ́n wá α² + β², tí α àti β jẹ́ gbòǹgbò méjèèjì, láìtú ìṣirò náà. Wọ́n rò pé eré lẹ́tà Gíríìkì ni. Tépù bíríkìlà ni.

Ó tún lè tú irọ́ fó. Ká ní ẹni tó ń ta ilẹ̀ sọ fún ọmọ yín pé àyíká ilẹ̀ jẹ́ 100 mítà, inú rẹ̀ sì jẹ́ 648. Ìdajì 100 jẹ́ 50, àárín rẹ̀ jẹ́ 25, 25 lọ́nà 25 jẹ́ 625. Lílé àti dídín kò lè mú ìlọ́po ga ju ti àárín lọ, ṣe ni ó máa ń dín in kù. Ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 100 mítà kò lè ní inú tó ju 625 lọ láéláé. Ọ̀kan nínú nọ́mbà méjèèjì kì í ṣe òótọ́. Ilé-ìwé ní ọ̀nà tirẹ̀ láti sọ ọ́: 50 lọ́nà 50 jẹ́ 2,500, ẹ yọ 648 lẹ́ẹ̀mẹrin tí í ṣe 2,592, ó já sí −92, nígbà tó sì ti jẹ́ gbèsè, gbòǹgbò kò sí. Mo ti rí ẹni tó sanwó ilẹ̀ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà ní SS2 lọ́dún náà, ó mọ fọ́múlà náà lórí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé fọ́múlà lè ka ìwé ilẹ̀.

Fọ́múlà tí mo ń wí ni èyí tí a fi ń tú kuadirátíìkì, tí àwọn ọmọ ń pè ní “almighty formula.” Mi ò ní kí ẹ pa á tì. Ìdájọ́ mi ni pé a máa ń gbé e fún wọn yá jù. Ọmọ tó kọ́kọ́ mọ àròpọ̀ àti ìlọ́po á lè fúnra rẹ̀ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Bí ó bá rí 16 àti 38 fún ilẹ̀ wa, á rò wọ́n pọ̀, á rí 54, inú rẹ̀ á dùn. Á sọ wọ́n di ìlọ́po, á rí 608, á mọ̀ pé òun ti ṣìnà, á padà. Kò ní dúró de olùkọ́ kí ó tó mọ̀.

Ìlú yìí ni ó yẹ kí irú ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní September 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, wàásù lábẹ́ igi Àgíà níbí. Ní 1843 ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, òun ni àwọn òpìtàn ẹ̀kọ́ ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà. Ní January 1845 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS, Townsend, Gollmer àti Àjàyí Crowther, gúnlẹ̀ sí èbúté wa, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ lọ́dún náà ṣì dúró ní Marina. Crowther fúnra rẹ̀ ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Àwọn tó mú bébà àti kálámù wọ ìlú yìí mọ̀ pé èdè àwọn ènìyàn ni a fi ń kọ́ wọn.

Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifáfitì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Àgbádárìgì ló jẹ́ pé Ògù ni wọ́n ń sọ nílé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì sì di ìkẹta. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ jẹ́ ọmọ Ògù, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ bá àwọn ìyá àgbà yín, ẹ ní kí wọ́n ka iye fún yín láti ọ̀kan dé igba, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ro pọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń yọ kúrò. Ẹ mú un wá sí kíláàsì. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ̀yin ni ìbéèrè tó kù wà fún. Àròpọ̀ nọ́mbà méjì jẹ́ 60, ìlọ́po wọn jẹ́ 884. Ẹ má fọwọ́ kan fọ́múlà. Ẹ dúró sórí ọgbọ̀n, ẹ wo iwájú, ẹ wo ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi Yorùbá pe orúkọ nọ́mbà méjèèjì fún mi kí ẹ tó jáde.